Kí A Tó Ra Ọkọ̀ Ẹbí Àlòkù

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ ní òní. Kì í ṣe ọkọ̀ tuntun, nítorí pé owó irú èyí ju agbára ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Ọkọ̀ àlòkù ni, èyí tí a ń pè ní tòkunbọ̀. Nínú àwọn tòkunbọ̀ náà, èyí tí ó tóbi tó láti gba baba, ìyá, ọmọ mẹ́rin àti ìyá àgbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin ọmọdé mọ̀ pé Tòkunbọ̀ ni orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí a bí sí ìlú òkèèrè tí a sì gbé wá sílé. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi orúkọ yìí pe ọkọ̀ mọ ohun tí ó ń sọ. Ọmọ náà ti gbé ayé kan lọ́hùn-ún, èyí tí àwa tí a wà nílé kò fojú rí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ̀ tòkunbọ̀ rí. Ẹlòmíràn ti wà á, òjò ti pa á, ó lè ti ṣubú, ó lè ti ṣàìsàn, kí wọ́n tó fọ̀ ọ́ mọ́ tí wọ́n sì gbé e síwájú wa. Iṣẹ́ ẹni tí ó fẹ́ rà á ni láti wádìí ayé tí ó ti gbé.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni òun àti ìyàwó rẹ̀ fi dá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Wọ́n yá díẹ̀ kún un, wọ́n sì ra Toyota Sienna kan. Nígbà tí mo bi í léèrè ohun tí ó yẹ̀ wò kí ó tó sanwó, ẹ̀rín ni ó fi mí rín. Ó ní, "Sienna mà ni! Ta ni kò mọ Sienna?" Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní alẹ́ ọjọ́ kan, lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, ẹ́ńjìnnì ń ké ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò lọ mọ́. Jíà ti kọṣẹ́. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin dúró sí etí ọ̀nà nínú òkùnkùn fún wákàtí méjì, tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọlọ́run kó wọn yọ. Ṣùgbọ́n owó tí ó yẹ kí wọ́n fi san owó ilé-ìwé ní sáà náà, orí jíà ni ó lọ.

Orúkọ Sienna kò tan ọ̀rẹ́ mi jẹ. Orúkọ rere ni, ó sì tọ́ sí i. Àṣìṣe ọ̀rẹ́ mi ni pé orúkọ ni ó rà. Kò wo ọkọ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Bí a bá wí pé ọkọ̀ kan ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, ọwọ́ mẹ́ta ni ó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀: ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é, ọwọ́ ẹni tí ó wà á, àti ọwọ́ ẹni tí ó ń tún un ṣe. Orúkọ tí a ń gbọ́ kò sọ ju ti ọwọ́ kìn-ín-ní lọ. Àwa ni a óò fi ojú ara wa wá méjì yòókù.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é. Ọdún 1997 ni ilé-iṣẹ́ Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ta Sienna ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì pe àwọn àkọ́kọ́ ní ti ọdún 1998. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pààrọ̀ ohun inú rẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá wí pé "Sienna ni" kò tíì sọ ọ̀rọ̀ tán. Ẹ bi í pé ti ọdún wo. Ẹ́ńjìnnì tí ó wà nínú àwọn ti ọdún 1998 títí dé 2006 ń lo bẹ́líìtì kan nínú lọ́hùn-ún; èyí tí ó wà nínú àwọn ti 2007 títí dé 2010 ń lo ṣéènì. Bẹ́líìtì tàbí ṣéènì yìí ni ó ń mú kí àwọn irin tí ń lọ sókè-sódò àti àwọn fáàfù tí ń ṣí tí ń pa máa bá ara wọn mu, bí ẹsẹ̀ oníjó ṣe ń bá ọwọ́ onílù mu. Bí bẹ́líìtì bá já, ìlù dákẹ́ nìyẹn, ọkọ̀ yóò sì dúró sí ibi tí ó bá a. Àwọn tí ó ṣe é ní kí a máa pààrọ̀ bẹ́líìtì yìí bí ọkọ̀ bá ti rin 90,000 máìlì, èyíinì ni nǹkan bí kìlómítà 145,000. Bí ẹ bá fẹ́ ra ti ọdún 2005, tí ẹni tí ó ń tà á kò sì lè sọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì náà, ẹ kà á sí pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì yọ owó iṣẹ́ náà kúrò nínú iye tí ẹ óò san.

Kò sí ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe àṣìṣe. Ní ọdún 2004, ilé-iṣẹ́ Honda pe ọkọ̀ tí ó lé ní mílíọ̀nù kan padà ní Amẹ́ríkà nítorí jíà tí ó lè gbóná kọjá àlà, Odyssey ti ọdún 2002 sí 2004 sì wà lára wọn. Ní ọdún 2010, Toyota náà pe nǹkan bí 600,000 Sienna ti ọdún 1998 sí 2010 padà. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú ọ̀nà kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yìí a máa jẹ irin, ó sì lè jẹ okùn irin tí ó gbé táyà àpamọ́ sábẹ́ ọkọ̀ títí tí yóò fi já, tí táyà yóò sì já bọ́ sójú ọ̀nà. Ẹ ti rí i pé nǹkan tí ó bá ọkọ̀ kan ní òkèèrè lè bá a dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí á wo abẹ́ ọkọ̀, kí á fi òòlù kékeré kan ibi tí ó bá ti dípẹtà. Ìpẹtà ojú kò ṣe nǹkan. Èyí tí irin rẹ̀ ń fọ́ sílẹ̀ bí àkàrà gbígbẹ ni kí ẹ sá fún.

Ó kan ọwọ́ ẹni tí ó wà á. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú pẹ́ńsù yín, nítorí ìṣirò ni ó kàn. Ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ẹbí sábà máa ń rin nǹkan bí 12,000 máìlì ní ọdún kan. Bí ọkọ̀ kan bá jẹ́ ti ọdún 2008, tí wọ́n sì kó o wọ ilé ní 2020, ọdún 12 ni ó lò lọ́hùn-ún. Ẹ sọ 12,000 di ìlọ́po 12. Ẹ óò rí 144,000. Bí aago tí ń ka ìrìn ọkọ̀ bá wá ń sọ pé 58,000 péré ni ó rìn, ó lè jẹ́ òótọ́, ìyá àgbà kan tí kì í rìn jìnnà lè ni ín; ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ti dá aago náà padà sẹ́yìn. Ẹ wo rọ́bà orí pẹ́dàlì bíréèkì, ẹ wo àga awakọ̀, ẹ wo ibi tí ọwọ́ ń dì mú lára sitíárìn. Bí àwọn wọ̀nyí bá ti jẹ tán, tí aago sì ń sọ pé ọkọ̀ kò rìn, ẹ gba ti pẹ́dàlì gbọ́, kí ẹ fi aago sílẹ̀.

Ọkọ̀ ní orúkọ àbísọ tirẹ̀ pẹ̀lú. Nọ́ńbà ṣáṣì ni. Ìdí 17 ni ó ní, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí a pò pọ̀, ẹ óò sì rí i lábẹ́ gíláàsì iwájú ní ìhà awakọ̀ àti lára férémù ilẹ̀kùn. Ẹ ka ìdí kẹwàá. Bí ó bá jẹ́ 5, ọkọ̀ ọdún 2005 ni. Bí ó bá jẹ́ 8, ti 2008 ni. Bí ó bá jẹ́ A, ti 2010 ni. Bí ó bá jẹ́ B, ti 2011 ni. Bí ẹni tí ó ń tà á bá pè é ní ti 2010, tí ìdí kẹwàá sì jẹ́ 6, ọ̀rọ̀ ti yé yín. Nọ́ńbà kan náà ni ẹ lè fi ra ìtàn ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Carfax ní Amẹ́ríkà. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọkọ̀. Ó lè fi hàn yín bóyá ọkọ̀ náà ti forí sọ nǹkan rí, bóyá omi ti bò ó rí, àti iye máìlì tí wọ́n kọ sílẹ̀ nígbà tí ó ń yí ọwọ́ padà.

Ọ̀rọ̀ omi yìí ṣe pàtàkì. Nígbà tí ìjì Katrina jà ní ọdún 2005, àti nígbà tí ìjì Harvey rọ òjò sí Texas ní ọdún 2017, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni omi bò mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ tí omi bá ti bò, a lè fọ̀ ọ́, a lè kùn ún, kí ó sì máa dán. Ṣùgbọ́n wáyà inú rẹ̀ yóò máa jẹra díẹ̀díẹ̀, títí ọjọ́ kan tí iná yóò kú lójijì. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè kí ẹ wò bóyá ẹrẹ̀ gbígbẹ wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wo àwọn bóòtù tí ó di àga mọ́lẹ̀ bóyá wọ́n ti dípẹtà. Ẹ pa gbogbo ilẹ̀kùn dé fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ sì wọ inú rẹ̀ kí ẹ fi imú gbóòórùn. Òórùn aṣọ tí kò gbẹ dáadáa kò ṣe é fi lọ́fínńdà bò títí. Bí lọ́fínńdà bá pọ̀ jù nínú ọkọ̀, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ó ń bò.

Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ti lò nílẹ̀ wa ni ẹ fẹ́ rà, ẹ wádìí bóyá ó ti kó èrò rí. Gbogbo wa mọ̀ bí Sienna ti pọ̀ tó ní àwọn ibùdókọ̀ tí ń lọ sí ìlú òkèèrè. Ọkọ̀ tí ó ń gbé ju iye tí wọ́n ṣe é fún lọ lójoojúmọ́ ti lo agbára ọdún púpọ̀ láàárín àkókò díẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tú àṣírí. Ẹ ṣí i, ẹ pa á, ní ìgbà mẹ́wàá. Bí ó bá ń há, tàbí tí ó ti tẹ̀, a jẹ́ pé ọwọ́ púpọ̀ ni ó ti fà á.

Ọwọ́ kẹta ni ti ẹni tí ó ń tún un ṣe. Oníṣẹ́ rere pọ̀ nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí ń bo àìsàn mọ́lẹ̀ dípò kí wọ́n wò ó sàn. Bí ọkọ̀ kan bá ń gbóná, wọ́n á yọ tamọsitáàtì rẹ̀ jù nù, wọ́n á so fáànù rédíétọ̀ mọ́ iná tààrà kí ó má baà dúró. Ọkọ̀ kò ní tètè gbóná mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ń mú un gbóná ṣì wà níbẹ̀. Bí iná pupa tàbí iná ẹ́ńjìnnì bá ń tàn níwájú awakọ̀, àwọn kan á yọ gílóòbù rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kíní, kí ẹ́ńjìnnì tó dáhùn, ẹ wò ó bóyá iná ẹ́ńjìnnì àti ti àpò afẹ́fẹ́ tan. Ó yẹ kí wọ́n tan, kí wọ́n sì kú lẹ́yìn náà. Èyí tí kò tan rárá burú ju èyí tí kò kú lọ, nítorí pé ẹnì kan ti fi ọwọ́ bo ẹnu ọkọ̀ náà kí ó má baà sọ̀rọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á lọ wo ọkọ̀. Ẹ lọ ní kùtùkùtù òwúrọ̀, kí ẹ sì ti sọ fún ẹni tí ó ń tà á pé kí ó má ṣe tàn án kí ẹ tó dé. Ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá gbóná, ẹ padà ní ọjọ́ mìíràn, nítorí pé ọ̀pọ̀ àìsàn ẹ́ńjìnnì àti ti jíà ni ó ń sá pamọ́ bí ara bá ti yá gágá.

Bí ó bá tutù, ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, kí ẹ wo inú ìdérí náà. Bí ohun tí ó lẹ̀ mọ́ ọn bá rí bí ògì, omi ti ń wọ inú ọ́ìlì. Ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọdé, ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, nítorí pé omi inú rẹ̀ lè bó ni lójú. Bí ẹ bá rí ọ̀rá ọ́ìlì tí ó léfòó lórí omi náà, àìsàn kan náà ni. Bí ọkọ̀ bá ní ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì jíà, ẹ fà á yọ kí ẹ nù ún sórí aṣọ funfun. Ó yẹ kí ó pupa bí omi sobo. Bí ó bá dúdú, tí ó sì ń rùn bí ohun tí ó jóná, jíà náà ti ń kú lọ. Ohun tí ọ̀rẹ́ mi kò wò nìyẹn. Aṣọ funfun kan péré ni ìbá gbà á lọ́wọ́ òru ọjọ́ náà.

Ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan sì dúró sẹ́yìn láti wo èéfín. Oruku funfun díẹ̀ ní òwúrọ̀ kò ṣe nǹkan. Bí èéfín funfun bá ń jáde títí tí kò dúró, omi ni ẹ́ńjìnnì ń mu. Bí èéfín bá ní àwọ̀ aró, ọ́ìlì ni ó ń jó. Bí ó bá dúdú, epo bẹntiróò ni ó ń fi ṣòfò, ẹ sì mọ bí owó epo ti rí láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí rẹ̀ ní ọdún 2023. Sienna tí a ń sọ yìí, ẹ́ńjìnnì oníplọ́ọ̀gì 6 ni ó wà nínú wọn. Kì í fi epo ṣeré. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò ju ilé sí ṣọ́ọ̀bù lọ, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì ju méjì, kí ó rò ó dáadáa bóyá ọkọ̀ ńlá yìí tilẹ̀ yẹ ẹ́.

Ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ fa jíà sí ẹ̀yìn, kí ẹ sì fà á sí iwájú. Ó yẹ kí ó gbà láìpẹ́, láìgbọ̀n. Bí ó bá ń ronú kí ó tó gbà, tàbí tí ó fi orí ta bí ìbákasíẹ, ẹ fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, ní ojú ọ̀nà dídán àti ní ojú ọ̀nà tí ó ní kòtò, kí ẹ pa rédíò, kí ẹ sì tan ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ fi etí sílẹ̀ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹ wo aago ìgbóná bóyá ó dúró sójú kan.

Ẹ wo táyà. Kì í ṣe eyín rẹ̀ nìkan. Lára rẹ̀, ẹ óò rí nọ́ńbà mẹ́rin tí ó parí lẹ́tà DOT. Bí ó bá jẹ́ 2215, ọ̀sẹ̀ 22 ní ọdún 2015 ni wọ́n ṣe é. Táyà tí ó ti ju ọdún 10 lọ, bí eyín rẹ̀ tilẹ̀ pé bí ti ọmọge, kò yẹ kí a fi gbé ọmọ. Kí ẹ tó jáde, ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó kọ̀ọ̀kan, láti iwájú títí dé ẹ̀yìn pátápátá, kí ẹ sì dè é. Bí àga bá jẹ́ 7, bẹ́líìtì tí ó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ 7. Ọmọ tí ó jókòó lẹ́yìn kò kéré sí baba tí ó jókòó níwájú.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín yóò sọ pé, "Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì." Òótọ́ ni. Nítorí náà, ẹ mú mẹkáníìkì tiyín lọ, kí ẹ sì bá a dá iye owó iṣẹ́ ọjọ́ náà kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ sọ fún un pé iye kan náà ni yóò gbà, bí ẹ ra ọkọ̀, bí ẹ kò ra ọkọ̀. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ń ta ọkọ̀ lè fún un ní nǹkan, ojú rẹ̀ á sì fọ́ sí ohun tí ó rí. Kí ó mú ẹ̀rọ ayẹ̀wò tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ sitíárìn dání. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ni ó ní ojú ibi tí a ń kì í bọ̀.

Ẹ wo ìwé pẹ̀lú. Nọ́ńbà ṣáṣì tí ó wà lára ọkọ̀ gbọ́dọ̀ bá èyí tí ó wà nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu, ìdí 17 pérépéré. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, ẹ má sanwó.

Ní ìparí, ẹ má ṣe ná owó tán lórí ọkọ̀. Bí ẹ bá pín owó ọwọ́ yín sí ọ̀nà 5, ẹ fi 4 ra ọkọ̀, kí ẹ sì fi 1 pamọ́. Kò sí ọkọ̀ àlòkù tí kì í béèrè nǹkan láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́: ọ́ìlì, plọ́ọ̀gì, bátìrì, táyà. Ẹni tí ó fi gbogbo owó rẹ̀ ra ọkọ̀ yóò máa wà á pẹ̀lú àìsàn rẹ̀, àìsàn kékeré yóò sì di ńlá. Ìgbẹ̀yìn ní ń dun olókùú àdá.

Bí gbogbo èyí bá sì fi hàn pé ọkọ̀ náà kò dára, ẹ ní agbára láti sọ pé rárá kí ẹ sì lọ sílé. Ọ̀rẹ́ mi olùkọ́ tún ọkọ̀ rà ní ọdún méjì lẹ́yìn náà. Ó kọ ẹ̀kíní, ó kọ ẹ̀kejì. Àwọn tí ń ta ọkọ̀ ní ó ti le jù. Ẹ̀kẹta ni ó rà, Sienna náà sì ni. Kò dán tó ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ kan náà, wọn kì í sì í jí títí wọ́n fi ń délé.